Òjò Àkúrẹ́ àti Ẹni Tó Ń Dá Gun Kẹ̀kẹ́ Rìnnà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn agunkẹ̀kẹ́ sọ ní Àkúrẹ́ nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ọbà-Ilé àti láti yunifásítì FUTA, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Oǹdó gùn ún wá láàárọ̀ yìí, ẹ kú ewu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ti ẹni tó dá rìn láìní ẹlẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ ju àkókò tí a ní lọ. Ọjọ́ òjò nìkan ni mo fẹ́ mú nínú rẹ̀, torí ọjọ́ òjò ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí wọn kì í sì í padà síbẹ̀ mọ́, òun náà ló sì ń ṣe àwọn tó kù léṣe.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá ń dá gun kẹ̀kẹ́ rìnnà jíjìn gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń dúró: ìgbà wo ni kó dúró, ibo ni kó dúró sí, lọ́dọ̀ ta ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní kẹ̀kẹ́ gígùn, bí a ti ń fara da òjò ni wọ́n ń kọ́ni. Ẹ̀kọ́ náà dára níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Kò bá òjò tiwa mu.

Ẹ jẹ́ ká wo òjò náà fúnra rẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ láàárín ọdún kan tó nǹkan bíi 1,500 mìlímítà. London tí gbogbo ayé ń pè ní ìlú òjò, tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi 600 lọ. Mìlímítà òjò kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan. Tí ọ̀wààrà òjò kan bá fi 50 mìlímítà sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì ló tú sórí gbogbo àyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, lójú ọ̀nà, nínú oko, àti lórí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Òjò tọ̀hún ń kán winniwinni, èèyàn lè wọ réènkóòtù kó máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ láti àárọ̀ di alẹ́. Tiwa máa ń ya lulẹ̀, á bo ojú ọ̀nà, lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì oòrùn á tún yọ. Kí ló dé tí èèyàn á fi bá ohun tó máa tó lọ jà?

Òjò tiwa náà kì í ṣe irú kan. Àkọ́rọ̀, ti oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ìjì àti àrá ló máa ń kó bọ̀, ìgbà mìíràn yìnyín pàápàá. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ó máa ń rọ̀ pẹ́, ó sì lè rọ̀ láti òru mọ́jú láìsí ariwo. Nínú oṣù Kẹjọ ó máa ń dá díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, títí dórí àrọ̀kúrò tó tún ń mú ìjì padà wá. Ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà, òjò inú oṣù Keje lè rẹ ẹ́ gbindin, ṣùgbọ́n àwọn òjò oníjì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ni mo ní kí ẹ bẹ̀rù.

Ìjì òjò wọ̀nyẹn, láti ìlà-oòrùn ni wọ́n sábà máa ń bọ̀, wọ́n á sì forí lé ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, tí ẹ bá kúrò ní Àkúrẹ́ tí ẹ ń lọ sí Ọ̀wọ̀, iwájú lẹ ti máa rí i: ojú ọ̀run á dúdú níbi tí ẹ ń lọ, ẹ ó sì ráyè múra. Tí ẹ bá wá kọjú sí Iléṣà, ẹ̀yìn ló máa gbà yọ sí yín. Oòrùn á ṣì máa ràn níwájú yín nígbà tí ẹ̀yìn yín ti ṣú. Ìjì náà lè rìn ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ tó di ẹrù, tó ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó bá ń rìn ní 15 ní wákàtí kan, ó gbìyànjú. Ẹ ṣírò rẹ̀: tí ìjì bá wà ní kìlómítà 15 lẹ́yìn yín, ẹ ò ní í tíì gun kìlómítà méje kó tó bá yín. Ẹ má bá a sáré o. Ẹ máa wo ẹ̀yìn yín lóòrèkóòrè, ẹ sì lo ìṣẹ́jú tó kù láti wá ilé.

Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń dé, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná tí ìkùukùu sì ti kó jọ. Èyí ló mú kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ìrìn kẹ̀kẹ́. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ní kété tí ẹ bá ti lè rí ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ máa sùn wà nítòsí ní aago kan ọ̀sán. Èyí máa gé ìrìn ọjọ́ kan kù sí nǹkan bíi 60 kìlómítà fún ọ̀pọ̀ wa, pàápàá ní àgbègbè Èkìtì, Ìdànrè àti Ìjẹ̀ṣà tí òkè pọ̀. Àwọn kan á ní ó kéré. Mi ò gbà pé ó kéré. Ẹni tó dá rìn kò ní ẹni tó máa gbé e tó bá ṣubú, kò ní mọ́tò tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó yẹ kí agbára díẹ̀ ṣẹ́ kù lára rẹ̀ nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n.

Àwọn bàbá wa gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò yìí kí á tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Kẹ̀kẹ́ Ràlé tó ń ti Nottingham ní Ìlú Ọba wá ni àwọn tíṣà, àwọn katikíìsì àti àwọn tó ń ra kòkó ń gùn wọ inú oko. Tí ẹ bá ṣì lè rí ọ̀kan nínú àgbàlá ẹnìkan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní mọ́dígáàdì níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní páànù tó bo ṣéènì láti orí dé ìdí, kí omi àti ẹrẹ̀ má baà fọ gírísì rẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é mọ òjò. Ibi kan ṣoṣo tó kù sí ni bíréèkì: ríìmù rẹ̀ jẹ́ irin, irin tó bá ti tutù a máa yọ̀ mọ́ rọ́bà bíréèkì lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ayé òde òní tí ríìmù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù sàn jù ú lọ, èyí tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ oní-dísìkì sì tún sàn ju ìyẹn, ṣùgbọ́n a ti wá yọ mọ́dígáàdì kúrò torí ẹwà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láìsí mọ́dígáàdì nínú òjò, ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ń pa á, tòkè ń pa á, tilẹ̀ tún ń pa á, tilẹ̀ yìí ló sì ní ẹrẹ̀ àti ọ́yìlì mọ́tò nínú.

Mo fẹ́ dárúkọ ẹnìkan nínú àwọn tó kọ́kọ́ rin irú ìrìn yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1884, Thomas Stevens kúrò ní San Francisco ní Amẹ́ríkà lórí kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́, èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga tó àyà ènìyàn. Ó gba Yúróòpù àti Éṣíà kọjá, ó sì dé Yokohama ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1886. Ẹrù tó dì sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ju ìbọ̀sẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì kan, ìbọn ìléwọ́ kan àti réènkóòtù kan lọ. Réènkóòtù yẹn náà ni àgọ́ rẹ̀, òun náà ni ibùsùn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yí ayé ká, tó sì ní láti yan ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀, aṣọ òjò tó lè fi dúró síbi kan tó sì lè fi sùn ló yàn.

Èyí gbé wa dé orí aṣọ. Réènkóòtù onírọ́bà tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ wọ̀ ọ́ gun òkè kan ṣoṣo, òógùn inú rẹ̀ á rẹ yín bí òjò ìta ì bá ti rẹ yín. Nítorí náà ẹ má rò pé ó máa jẹ́ kí ẹ gbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí atẹ́gùn má baà gbé ooru ara yín lọ. Àwọn kan ń rò pé òtútù ò lè pa èèyàn nílẹ̀ wa. Omi ń fa ooru kúrò lára ní ìlọ́po nǹkan bíi 25 ju bí atẹ́gùn ti ń fà á lọ. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú: ìka rẹ̀ á kọ́kọ́ le, kò ní í lè tẹ bíréèkì bó ṣe fẹ́, èrò rẹ̀ á sì lọ́ra. Jíǹsì ló burú jù, torí ó máa ń mu omi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tètè ń gbẹ. Kí ẹ sì ní aṣọ kan tí ẹ wé sínú ọ̀rá méjì, tí ẹ ò ní í fi gun kẹ̀kẹ́ láé, tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló wà fún. Owó àti fóònù náà, inú ọ̀rá.

Lọ́dún kan, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, mò ń lọ sí apá Iléṣà. Mo ti kọjá Ìgbàrà-Òkè nígbà tí mo wẹ̀yìn tí mo rí i pé ojú ọ̀run ti ṣú bọ. Kò pẹ́ tí mo fi kan àwọn ilé mélòó kan létí ọ̀nà, àwọn ará ibẹ̀ ń sáré kiri. Kòkó ni wọ́n sá sórí tapólì. Ẹ̀yin tí ẹ ti inú oko wá mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn tí kòkó bá ti wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, a ó sá a sóòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, títí omi inú rẹ̀ á fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí òjò bá pa á láàárín ìyẹn, ó lè bu, owó rẹ̀ sì ti já nìyẹn. Ìyá àgbà kan rí mi lórí kẹ̀kẹ́, kò kí mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní, "Gbé irin yẹn síbẹ̀, wá bá mi di etí tapólì yìí mú!"

Mo sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. A ká tapólì náà, a wọ́ ọ wọ abẹ́ òrùlé, kíkán àkọ́kọ́ sì balẹ̀. Mo fẹ́ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìyá ní, "Wọlé jàre, àrá ò mọ àlejò." Ìgbà tí a jókòó tán ló tó ráyè bi mí: "Ọmọ ibo ni ọ́? Àkúrẹ́ lo ti gun nǹkan yìí bọ̀? Ìwọ nìkan?" Mo ní, "Èmi nìkan ni, mà." Ó wò mí títí, ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé iṣu sísun àti epo wá.

Àwọn agbà ní òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Nínú pálọ̀ kékeré yẹn, ọlọ́kadà méjì wà níbẹ̀, obìnrin oníbúrẹ́dì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àtẹ rẹ̀, àti bàbá kan tó ń lọ sí oko. Àwọn ọlọ́kadà ló sọ ibi tí ọ̀nà ti ya fún mi lápá Ìpetu, ibi tí omi ti máa ń bo ihò títí tí kò ní í hàn, àti kọ́nà tí tírélà máa ń gbà kọjá sí ọwọ́ òdìkejì. Kò sí máàpù orí fóònù tó lè sọ ìyẹn fún mi. Ká ní mo ti forí lé òjò náà, mi ì bá dé àwọn ibi wọ̀nyẹn láìmọ nǹkan kan nípa wọn, nígbà tí omi ṣì wà lórí wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tó ń pe ìdúró ní àkókò tó ṣòfò jiyàn. Ẹni tó dá rìn kò ní ẹni tó máa bi ní nǹkan lójú ọ̀nà. Òjò ló ń mú un jókòó ti àwọn tó mọ ọ̀nà náà bí ẹní mowó. Ó sì ń fún un ní ohun tí owó ò lè rà lórí títì, ìyẹn àwọn tó mọ̀ pé ó kọjá níbẹ̀, tí wọ́n á sì rántí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ àrá tí ìyá sọ, torí ó tọ̀nà ju bó ti mọ̀ lọ. Ohùn àrá ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kó tó rin kìlómítà kan. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí ẹ bá gbọ́ àrá kí ẹ tó ka 30, ó ti sún mọ́ yín tó kìlómítà mẹ́wàá, ẹ sì ti wà níbi tó ti lè bá yín. Ẹ wọ ilé tó ní ògiri, tàbí inú mọ́tò tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Àtíbàbà tí kò ní ògiri kò tó. Abẹ́ igi tó dá dúró ló léwu jù lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ń sá sí. Kí 30 ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kí ẹ tó jáde. Rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrá.

Tí òjò bá wá dá, ẹ ò tíì bọ́. Tí ilẹ̀ bá ti gbẹ fún ọjọ́ púpọ̀ kí òjò tó rọ̀, ọ́yìlì tó wà lójú títì á léfòó, ọ̀nà á sì máa yọ̀. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì sójú títì ń yọ̀, irin tó wà lórí afárá ń yọ̀. Ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ fẹ́ dúró, kí rọ́bà lè kọ́kọ́ nu omi kúrò lára ríìmù. Ibi tí omi bá dúró tí ẹ ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má kọjá nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì wa sábà máa ń jẹ wọnú, tí omi bá sì bò ó, ojú ò ní í mọ ibi tí ọ̀dà pin sí. Nínú ìlú, gọ́tà tí kò ní ìdérí ló yẹ kí ẹ máa rò: níbí ní Àkúrẹ́, nígbà tí àgbàrá bá ń sáré lọ sínú odò Àlà, gọ́tà àti títì lè di ọ̀kan náà lójú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́. Tí omi bá ń ṣàn lágbára, tó sì ti ju kókósẹ̀ lọ, ẹ padà sẹ́yìn.

Páńṣà náà máa ń pọ̀ lọ́jọ́ òjò. Omi ló ń jẹ́ kí ìgò fífọ́ àti wáyà táyà tírélà tètè gé rọ́bà wọlé. Pááṣì kì í sì í lẹ̀ mọ́ túúbù tó tutù, fọkanáísà èyíkéyìí á sọ ọ́ fún yín. Nítorí náà túúbù tuntun, ó kéré tán ọ̀kan, gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù yín.

Ní alẹ́, kí ẹ tó jẹun, ẹ nu ṣéènì pẹ̀lú àkísà gbígbẹ, ẹ kán epo sí ìsopọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́ kù lóde. Ìpata kì í dúró de àárọ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó wà nípò. Ọ̀nà tó so àwọn ìlú wa pọ̀ nílò ibùdókọ̀ tó ní òrùlé àti ògiri, àti etí títì tó fẹ̀ díẹ̀. Agunkẹ̀kẹ́ nìkan kọ́ ló máa jàǹfààní rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé tí òjò ń pa láti abúlé dé abúlé máa ń dun èmi ju ara mi lọ.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Oǹdó dìde. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ̀yin wọ̀ tọkàntọkàn yẹn, báwo ni èmi tí mo jẹ́ obìnrin, tí mo dá wà, ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí n wọ̀?" Ìbéèrè tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Mo ní kó yan ibi kó tó di pé òjò yàn án fún un. Nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà, ẹsẹ̀ ṣì lè mú èèyàn kọjá ilé tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Tí omi bá ti ń ya lulẹ̀, èyíkéyìí tó bá rí ló máa wọ̀. Kó wá ibi tí àwọn ìyá àti ọmọdé wà lójúde: ìsọ̀ tó ní ògiri, iléèwé, ilé míṣọ́n, ilé epo tí èrò wà. Tó bá di pé ó máa sun abúlé náà, kó ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí olórí àwọn obìnrin, kó sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ, lójú ènìyàn púpọ̀. Kó má sọ fún ẹni tó bá pàdé lójú ọ̀nà pé òun nìkan ni. Kó ní àwọn kan ń retí òun níwájú, kó sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kí fóònù tó kú, kó ti fi orúkọ abúlé náà àti ti ẹni tó gbà á sílé ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ̀.